KÌ Í ṢE GBOGBO ÀYÀ TÍTA NI TI OÚNJẸ

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé àgbà kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó ní kí n fúnra mi yan ohun tí n ó sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Àyà títa ni mo yàn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ kò jẹ̀bi. Ta ni àyà kì í ta nínú wa? Ẹni tí ó jẹ iyán alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, tí ó sì lọ sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mọ ohun tí mo ń wí. Kánún díẹ̀, tàbí oògùn funfun olómi láti kẹ́mísìtì, ọ̀rọ̀ ti tán. Nítorí pé ó máa ń tán bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi tiwa ni wọ́n. Owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n fi gba ìsọ̀ wọn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú ọjà. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, “Àbúrò mi, àyà ń ta mí láti ìjẹta. Bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn yìí dé òkè, yóò bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jókòó díẹ̀, yóò lọ.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ata yín ni ó ti pọ̀ jù. Ẹ yé jẹ iyán lálẹ́.” Mo fún wọn ní oògùn funfun olómi. Wọ́n gùfẹ̀, wọ́n ní ara tu àwọn, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ti fi ayé sílẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé ọkàn ni.

Nígbà náà, mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Wọ́n sọ ìgbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ìgbà tí ó ń lọ. Ká ní aláìsàn tí n kò mọ̀ rí ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní wọ́ọ̀dù, ǹ bá ti sáré pe dókítà. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ “àyà títa” báyìí, etí mi ti di sí gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni mo ṣe dúró níwájú yín lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àyà títa kì í ṣe orúkọ àrùn. Ẹjọ́ tí ara ń rò ni. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a gbọ́ ọ tán.

ÀYÀ TÍTA GIDI

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí ó jẹ́ ti oúnjẹ. Omi kan wà nínú àpòlúkù wa tí ó kan gan-an, tí ń bá wa lọ oúnjẹ. Awọ inú àpòlúkù lè gba omi náà mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun wá sí ìsàlẹ̀ kò lè gbà á. Nítorí náà, Ẹlẹ́dàá fi nǹkan kan tí ó dàbí ilẹ̀kùn sí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ó máa ń ṣí kí oúnjẹ wọlé, a sì tún pa dé. Bí ilẹ̀kùn náà bá dẹ̀, tàbí tí àpòlúkù kún jù, omi kíkan yóò gòkè, yóò sì máa jó ẹ̀yìn egungun àyà.

Èyí ní ìṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó máa ń dé, pàápàá oúnjẹ tí ó pọ̀ tàbí tí ó kún fún epo. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti gbá ilẹ̀, yóò le sí i. Omi kíkan lè wá sí ọ̀fun, kí ẹnu sì máa korò. Ọtí, sìgá àti sísanra jù máa ń dá kún un. Ohun tí ó ń dín in kù kò wọ́n: kí a jẹun alẹ́ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí a tó sùn, kí a jẹ ìwọ̀nba, kí a fi pákó tàbí bíríkì gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè díẹ̀, kí a sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí èyí bá ṣe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ewu. Bí ó bá di ohun tí ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó lọ rí dókítà, nítorí omi kíkan náà lè dá ọgbẹ́ sí ọ̀nà oúnjẹ bí ó bá pẹ́.

OHUN TÍ Ó JỌ OHUN

Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Kí ni ó fa á tí ọkàn àti àpòlúkù fi ń jọ ara wọn lójú wa? Iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ọkàn lọ sí ọpọlọ àti èyí tí ń gbé e láti ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó dàbí ìgbà tí ẹni méjì ń kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Baálé inú ilé gbọ́ kíkàn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ń kàn án. Nítorí náà ni ìrora ọkàn ṣe lè wá bí iná ní àyà tàbí bí inú rírun.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń tàn jẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Dwight Eisenhower, wà ní ìsinmi ní ìlú Denver. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ní ọ̀sán, ó jẹ búrẹ́dì tí a fi ẹran lílọ̀ àti àlùbọ́sà tútù há. Nígbà tí ó padà sórí pápá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó di ẹ̀bi ru àlùbọ́sà. Ní òru, ìrora jí i lójú oorun, wọ́n sì ránṣẹ́ pe dókítà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi síta ni pé inú ni ó ń dà á láàmú. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ tí ń ka lílù ọkàn tó fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọkàn rẹ̀ ti dí. Ọ̀sẹ̀ bíi méje ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Orí yọ ọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tún dìbò yàn án ní ọdún 1956. Bí ẹni tí dókítà ń bá gbé bá lè di ẹ̀bi ru àlùbọ́sà, ẹ má bínú sí aláṣọ tí ó di ẹ̀bi ru iyán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ èyí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àyà ń ta òun, tàbí tí tiyín bá ń ta yín, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta:

Ìkíní: Nígbà wo ni ó ń dé?
Ìkejì: Níbo ni ó ń rìn dé?
Ìkẹta: Kí ni ó bá a dé?

Ìbéèrè wọ̀nyí kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà. Ṣùgbọ́n wọn yóò jẹ́ kí a mọ ìgbà tí oògùn funfun olómi kò tó ọ̀rọ̀ náà.

ỌKÀN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ọkàn. Nígbà wo ni ó ń dé? Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe wàhálà: bí ó bá ń gun òkè, bí ó bá ń gbé ẹrù, bí ó bá ń yára rìn, tàbí tí inú bá bí i. Bí ó bá sinmi, yóò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nìyẹn, wẹ́kú. Omi kíkan inú kò mọ àtẹ̀gùn yàtọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ọkàn ni ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí a bá ń gun òkè, ọkàn ń ṣiṣẹ́ kára, ó sì ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i. Bí iṣan tí ń bọ́ ọ bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tó, yóò sì ké. Ìkìlọ̀ ni èyí. Ẹni tí ó bá rí i, tí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn wà fún un. Bí iṣan náà bá wá dí pátápátá, ìrora kò ní í dúró de wàhálà mọ́. Ó lè dé lórí ìjókòó tàbí lójú oorun, kò sì ní í lọ bí a bá sinmi.

Níbo ni ó ń rìn dé? Láti àárín àyà, ó lè lọ sí apá òsì, tàbí apá méjèèjì, tàbí ọrùn, àgbọ̀n, tàbí àárín ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ kì í pè é ní ìrora rárá. Wọ́n á ní ó dàbí ẹni pé a gbé ọlọ lé àwọn láyà, tàbí pé a fi okùn dì wọ́n ní àyà.

Kí ni ó bá a dé? Òógùn tútù, èémí tí kò délẹ̀, èébì, òòyì, àárẹ̀ tí kò ní ìdí. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: lára àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìrora lè má tilẹ̀ tó nǹkan. Ó lè jẹ́ àárẹ̀, èébì àti inú tí kò rọgbọ nìkan ni wọn yóò rí.

Ta ni ó yẹ kí ó fura jù? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ń mu sìgá, ẹni tí ó sanra jù, àti ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní àrùn ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń ru. Mo mọ̀.

Mo tún fẹ́ tú irọ́ kan. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, “Mo lo oògùn inú, ó sì lọ, nítorí náà inú ni.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrora ọkàn máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá lọ lẹ́yìn tí a mu oògùn, kò fi hàn pé oògùn ni ó lé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gùfẹ̀, ara sì tù wọ́n. Gùfẹ̀ náà ni ó tàn wá jẹ.

ỌGBẸ́ INÚ

Èkejì ni ọgbẹ́ inú, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọlọ́sà. Nígbà wo ni ó ń dé? Ó lè dé nígbà tí ebi bá ń pa ènìyàn tàbí láàárín òru. Àwọn kan ń jẹun ni ara sì ń tù wọ́n, àwọn mìíràn ń jẹun ni ó ń le sí i. Níbo? Òkè ikùn, lábẹ́ egungun àyà, ni ó máa ń dúró sí. Kí ni ó bá a dé? Inú wíwú, kí oúnjẹ tètè máa sú ni.

Tipẹ́tipẹ́ ni a ti ń pariwo ata àti ìrònú pé àwọn ni ó ń fa ọlọ́sà. Ata lè ta ọgbẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, rí i pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ. Àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall bu kòkòrò náà sínú omi, ó gbé e mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ dàrú, ó sì ń bì. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Ohun tí ó kàn wá nínú ìtàn yìí ni pé a lè wo ọlọ́sà sàn. Dókítà lè yẹ ìgbẹ́ tàbí èémí ènìyàn wò láti mọ̀ bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀, oògùn tí a ń lò fún un kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹni tí ó ti ń fi kánún tu inú fún ọdún mẹ́wàá lè máa jìyà ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lè parí.

Ohun kejì tí ń fa á ni oògùn ara ríro. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac, bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí inú. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin alágbàrù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwọn ìyẹ̀fun oògùn kan wà tí ẹ ń dà sẹ́nu kí ẹ tó lọ sí oko. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, aspirin ni.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Aspirin kan náà tí dókítà ń fún ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i, òun ni ó lè mú kí ọgbẹ́ inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó gba ẹnì kan là lè pa ẹnì kejì, àwọn méjèèjì sì ń sọ pé, “Àyà ń ta mí.” Nítorí èyí ni kò ṣe yẹ kí a máa fi oògùn dán ara wa wò.

Bí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú bá rí i pé ìgbẹ́ òun dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ikùn rẹ̀ le gbagidi pẹ̀lú ìrora òjijì, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí kan náà.

ÒRÓÒRO

Òróòro jẹ́ àpò kékeré lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Nígbà mìíràn, òkúta wẹ́wẹ́ máa ń dì sínú rẹ̀. Nígbà wo ni ó ń dé? Lẹ́yìn oúnjẹ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀, tí a ó fi máa pè é ní àyà títa. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ń rìn dé? Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ó máa ń wà, a sì máa lọ sí èjìká ọ̀tún tàbí ẹ̀yìn. Ó lè lò tó wákàtí mélòó kan kí ó tó rọlẹ̀. Bí ibà àti òtútù bá bá a dé, tàbí tí ojú bá pọ́n rúsúrúsú, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ ṣe àkíyèsí: òkúta òróòro wọ́pọ̀ lára wọn, àní láti ìgbà èwe. Ẹ má ṣe ka gbogbo inú rírun wọn sí ti oúnjẹ.

ABOYÚN

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọkọ, èyí tiyín ni. Àyà títa wọ́pọ̀ lára aboyún. Ọmọ ń ti àpòlúkù sókè, ilẹ̀kùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì máa ń dẹ̀. Nítorí pé ó wọ́pọ̀, kò sí ẹni tí ń kà á sí. Àwọn kan tilẹ̀ ní irun orí ọmọ ni ó pọ̀.

Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ń mú aboyún lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa ru, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè wú. Ẹ̀dọ̀ tí ó wú náà ni yóò máa ro ó ní òkè ikùn tàbí lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tí yóò sì pè é ní àyà títa. Kí ni ó bá a dé? Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣe bàìbàì tàbí tí ń rí ìmọ́lẹ̀ wínníwínní, ojú àti ọwọ́ tí ó wú. Bí a bá jókòó tì í, gìrì aboyún ni ó lè tẹ̀ lé e, ìyá àti ọmọ sì lè bá a lọ. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Oògùn wà tí ń dènà gìrì náà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó wà. Aboyún tí ìrora bá mú lókè ikùn ní apá ọ̀tún, tí orí sì ń fọ́, kí ẹ má fún un ní kánún. Èròjà iyọ̀ wà nínú kánún, iyọ̀ kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ní ọjọ́ náà.

ÀWỌN YÒÓKÙ

N ó fi ọwọ́ kan àwọn yòókù ní ṣókí. Bí ìrora bá le nígbà tí a bá mí kanlẹ̀ tàbí tí a bá wúkọ́, ó lè jẹ́ otútù àyà, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Bí òkèlè kò bá lọ geere mọ́, tí ènìyàn ń rù, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Kò yẹ kí ó dúró de ìgbà tí omi pàápàá kò ní í lọ. Àwọn oògùn kan wà pẹ̀lú, bíi tetracycline àti doxycycline, tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé wọn mì láìsí omi tí a sì dùbúlẹ̀, wọn yóò há sí ọ̀nà, wọn yóò sì jó o. Ẹ máa fi ife omi kan gbé oògùn mì, kí ẹ sì wà ní ìjókòó fún ìdajì wákàtí.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Bí àyà bá ń ta ènìyàn, tí òógùn tútù, èémí kúkúrú, tàbí ìrora apá tàbí àgbọ̀n bá bá a dé, tàbí tí ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìlọ, kí ó jókòó sí ibi tí ó wà. Kí ó má gun àtẹ̀gùn, kí ó má fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kí ó má sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀. Kí ó ké sí ẹni tí ó wà nítòsí. Kí ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka lílù ọkàn. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé, “Àyà títa ni.” Ẹ sọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wákàtí tí iṣan ọkàn fi dí, wákàtí tí ẹran ara ọkàn fi ń kú ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Mo mọ ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Owó ni. A máa ń sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná, kí ọjà ná, kí oṣù parí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ní láti dúró de ọjọ́ ìpàdé. Àìsàn kì í dúró de ọjọ́ ìpàdé.

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́ta wá. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú òjijì, tí alága, akọ̀wé àti akápò lè fọwọ́ sí ní ọjọ́ kan náà, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń gba owó ìdáókòwò. Ẹ̀kẹta, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Kí akọ̀wé àpapọ̀ lọ bèèrè bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè wọlé pa pọ̀, nítorí ohun tí ó wúwo fún ẹnì kan, agbo lè gbé e.



ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ARÁ BÈÈRÈ

Ìbéèrè: Ṣé kí a má lo kánún mọ́ rárá ni?
Ìdáhùn: Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó lò ó díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kò bá a jà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, àti aboyún, kí wọ́n jìnnà sí i.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 35 ni mí. Ṣé ọkàn lè dà mí láàmú?
Ìdáhùn: Ó wọ́pọ̀ jù lára àgbà, ṣùgbọ́n kò yọ ọ̀dọ́ sílẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń mu sìgá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kúrò níbí. Mo gbé ẹ̀rọ tèmi wá.

Ìbéèrè: Bí mo bá ná owó dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní gáàsì lásán ni, ṣé n kò ti fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò?
Ìdáhùn: Ìyá mi, bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ máa lọ sílé lọ jẹun. Iye tí ẹ ná, ẹ ó san án padà díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín. Gbèsè tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹgbẹ́ lórí ìsọ̀ wọn, àwa tí ó kù ni a san án. Tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi san ti ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀sín pé nọ́ọ̀sì ni ń sá fún gáàsì.